Bí Ìlú Bá Le, Ẹ Má Gbàgbé Onílù



Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń lọ sí Detroit nígbà ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ nínú oṣù kẹsàn-án, nítorí àjọ̀dún orin jáàsì ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀: ọdún 1980, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Chrysler tó lè rówó yá. Ọ̀dá owó tún dé: ní 2009, General Motors àti Chrysler gba kóòtù lọ nítorí gbèsè. Ní 2013, ìlú náà fúnra rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, orin kò dákẹ́.

Ìlú Ògún ni Detroit. Irin ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, irin ló sì bọ́ wọn. Berry Gordy, tó dá Motown sílẹ̀ ní 1959, ti bá wọn to ọkọ̀ rí nílé iṣẹ́ Ford. Kò yani lẹ́nu. Ṣebí irin la fi ń gbẹ́ ìlù? Ibi tí Ògún bá wà, Àyàn kì í jìnnà síbẹ̀.

Ohun tó ń dun èmi ni àwọn tó ń dé ibẹ̀, tí wọ́n ya fọ́tò ahoro ilé iṣẹ́ bí ẹni wòran, tí wọ́n gbọ́ orin ọ̀fẹ́, tí wọ́n sì gbalé lọ. Ọmọ òrìṣà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé, a ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Ní Cuba, ẹni tó bá wá kí Añá, owó ló ń fi lélẹ̀ níwájú ìlù.

Àjọ̀dún ńlá ní onígbọ̀wọ́. Akọrin tó ń ṣeré nílé ọtí àdúgbò ńkọ́? Owó ẹnu ọ̀nà ló gbójú lé. Bí ilé iṣẹ́ bá ti dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn oníbàárà akọrin náà nìyẹn tí kò rówó wọlé mọ́.

Nítorí náà, lẹ́yìn àjọ̀dún, ẹ yà sí irú ibi bíi Baker's Keyboard Lounge, tó ti wà tipẹ́tipẹ́. Ẹ san owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹun lọ́dọ̀ ará ìlú. Ẹ ra àwo orin lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ tí a jẹ lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa, gbèsè ni.

Ògún á gbè wá, Àyàn á gbè wá. Àṣẹ.