Ìjàǹbá ló pa á, òkú ogun náà ni



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ogun, ẹni tí ọ̀tá yìnbọn pa nìkan là ń pè ní akọni. Ẹni tí ìjàǹbá pa lẹ́nu iṣẹ́ ogun, a kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Lójú tèmi, kò tọ́.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọmọ Èkó kan, Peter Adéníyì Thomas. Ọmọ oníṣòwò ńlá ni. Stella, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ogun tó dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi aláwọ̀ dúdú ṣe ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wọn. Oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Thomas wọlé, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, ó sì di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ọ̀gá níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, nígbà tí ogun ń parí lọ, ìjàǹbá bàálù pa á ní Britain. Ọ̀tá kọ́ ló já a lulẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Àwọn tó lé ní 55,000 ló kú nínú ẹ̀ka bàálù ajubọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì. Nínú wọn, àwọn tó lé ní 8,000 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìjàǹbá pa. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ nínú òru àti kùrukùru. Wọ́n kọ orúkọ wọn sórí òkúta pẹ̀lú ti àwọn tó kú lójú ìjà.

Àwọn tiwa ńkọ́? Faransé kó àwọn ọmọ Dahomey lọ sógun yẹn. Ọ̀pọ̀ kò yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n mú wọn ni. A ti gbọ́ nípa Chasselay, níbi tí àwọn Jámánì ti pa ṣọ́jà dúdú tí wọ́n ti mú, ní oṣù kẹfà ọdún 1940. A ti gbọ́ nípa Thiaroye, níbi tí àwọn Faransé fúnra wọn ti yìnbọn pa àwọn tó ń bèèrè owó wọn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944. Ṣùgbọ́n ẹni tí òtútù pa ní bárékè, tí àìsàn pa nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ọkọ̀ ẹrù dà lé lórí, ta ló ń ka ìyẹn?

Àwọn kan á ní ogun òyìnbó ni, kí ló kàn wá? Ogun lè jẹ́ ti òyìnbó, ọmọ tiwa ló kú.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ti di arúgbó báyìí, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo inú àpótí bàbá yín bóyá ìwé ṣọ́jà wà níbẹ̀. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, agbo ilé rẹ̀, ibi tó lọ, ohun tó pa á, àti ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Àwa olùkọ́ lè fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fáwọn ọmọ ilé ìwé wa. Bí ìjàǹbá ló pa á, ẹ kọ ìjàǹbá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.