Díìsì Kan Ti Kú: Ta Ló Sọ Pé Mẹ́ta Yòókù Yè?

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tó ń lo sáfà kékeré nílé àti ní ọ́fíìsì, ní Ilo-Awela, ní Sàngó-Ọ̀tà àti káàkiri ilẹ̀ wa. Wọ́n gbà pé bí a bá ti so díìsì mẹ́rin pọ̀ ní RAID, ẹ̀rù dàtà ti tán. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ ra tuntun, ẹ tì í bọ àyè òkú, ẹ tẹ Rebuild, kí ẹ lọ sùn. Àwọn tó ń tà á ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń rà á ń ṣe àmín. Èmi sọ pé ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń sọ àdánù kékeré di ńlá, nítorí ó gbà láìwádìí pé díìsì mẹ́ta tó kù yè.

N kò bá ìṣirò RAID jà. RAID 5, ọ̀kan nínú irú RAID tó wà, ń ṣe ìṣirò lórí ohun tí a kọ sórí àwọn díìsì, ó sì ń pín èsì rẹ̀ káàkiri wọn, débi pé bí ọ̀kan bá ṣubú, a lè fi mẹ́ta yòókù wá ohun tó wà lórí rẹ̀ rí. Ìṣirò náà pé. Ìpìlẹ̀ tó dúró lé ló yẹ ká yẹ̀ wò. Nígbà tí David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley gbé àpilẹ̀kọ tó sọ RAID lórúkọ jáde ní 1988, wọ́n ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ikú díìsì kan kò kan èkejì. Àwọn fúnra wọn sì kìlọ̀ pé ìmìtìtì ilẹ̀ tàbí iná tó ṣàdédé ga sókè lè ba àbá yẹn jẹ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ kì í ṣe ìṣòro Ọ̀tà. Iná ńkọ́?

Ẹni tó bá mọ àgbègbè ilé iṣẹ́ wa kò ní béèrè. NEPA, orúkọ tí kò kúrò lẹ́nu wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé IBEDC ló ń pín iná báyìí, á mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, iná á tún já wọlé pẹ̀lú agbára tó ń jó gílóòbù. Lọ́dún 2024 nìkan, gírìdì orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ léraléra. Díìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú àpótí kan sì sábà ń gba iná láti ojú kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan náà la sábà máa ń rà wọ́n, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, iye wákàtí kan náà ni wọ́n ti fi yí, nínú ooru kan náà. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jọ jẹ ọbẹ̀ kan tí ọ̀kan sì kú, ta ni yóò sọ pé ara àwọn mẹ́ta le, tí yóò sì di ẹrù lé wọn lórí lọ́jọ́ náà?

Lọ́dún 2007, Gibson kan náà yẹn, pẹ̀lú Bianca Schroeder, ní Yunifásítì Carnegie Mellon, yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí 100,000 díìsì wò. Bí a bá fi ti ìwé àwọn tó ṣe díìsì ṣe, kò yẹ kó tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún tí yóò bàjẹ́ lọ́dún. Ohun tí wọ́n rí ni pé méjì sí mẹ́rin ni wọ́n sábà ń pààrọ̀, níbòmíràn ó tó 13. Èyí tó kàn wá jù ni pé ìbàjẹ́ náà ń ṣù pọ̀: bí ọ̀sẹ̀ kan bá pa ọ̀pọ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà kì í sábà dẹwọ́.

Kí wá ni Rebuild ń ṣe? Ó ń ka gbogbo àwọn díìsì tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 4 TB, 12 TB ni yóò kà. Ìwé ọ̀pọ̀ díìsì ilé sì ṣèlérí pé ibi tí kò ṣeé kà kò ní ju ẹyọ kan lọ nínú bíìtì 10¹⁴, èyí tí í ṣe 12.5 TB. Àwọn kan ti fi nọ́ńbà yìí dẹ́rù bà wá ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ díìsì ń ṣe dáadáa ju ìlérí náà lọ. Ṣùgbọ́n díìsì tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n ṣèlérí fún, kì í ṣe èyí tí iná ti gbá. Bí iná bá sì tún lọ nígbà tí ìkọ̀wé ń lọ lọ́wọ́, dàtà àti ìṣirò rẹ̀ lè má bára mu mọ́. Ìdí nìyí tí md, ètò inú Linux tí ọ̀pọ̀ sáfà ilé ń lò, fi máa ń kọ̀ láti gbé RAID 5 dìde bí díìsì kan bá ti sọnù tí iná sì lọ lójijì. Inú á bí oníṣẹ́, á fipá mú un. Ààbò tó kẹ́yìn ló fọ́ yẹn.

Bí díìsì kan bá kú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ká pa ẹ̀rọ náà, ká kọ nọ́ńbà àyè díìsì kọ̀ọ̀kan sí i lára, ká sì fi ètò tó ń jẹ́ ddrescue ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn, títí kan èyí tí wọ́n ní ó ti kú, torí nígbà mìíràn wáyà lásán ló bàjẹ́. ddrescue ń kọ́kọ́ kó ibi tó rọrùn láti kà, á wá padà sí ibi tó le. Bí a bá ní kó máa kọ ibi tó dé sílẹ̀, iná ì báà lọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa bá a lọ. Orí ẹ̀dà ni ká ti tò wọ́n pọ̀, kíkà nìkan, láìkọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ àpótí nìkan ló kú, md ti kọ ipò díìsì kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, kọ̀ǹpútà Linux mìíràn á dá wọn mọ̀. Ẹni tó lo káàdì RAID ni yóò sábà nílò irú káàdì kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ àṣẹ --create (ká dá RAID tuntun) fún md níbi tó yẹ kó tẹ --assemble (ká to èyí tó wà tẹ́lẹ̀ pọ̀), tó sì to díìsì lódìlódì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fi kọ ìkọkúkọ lé dàtà oníbàárà lórí.

Wọn yóò ní UPS wà. UPS dára, ẹ rà á. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rí àyè pa ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè yí ọjọ́ orí àwọn díìsì padà. Wọn yóò ní Rebuild ti ṣiṣẹ́ fún àwọn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo gbà, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún ni kò ní ohun tí yóò padà sí. Àtakò tó lágbára ni ti owó: ẹ̀dà díìsì mẹ́rin gba àyè 16 TB tó ṣófo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dàtà tí RAID 5 náà gbà kò lè ju 12 TB lọ, nítorí náà owó tó dín sí ìyẹn ni ìbá ti ra díìsì USB tí à ń da dàtà kọ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí à ń yọ kúrò lára iná, tí à ń gbé pa mọ́ sí ilé mìíràn. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, tó sì ti dán an wò pé ó ń ṣí, lè tẹ Rebuild lálẹ́ ọjọ́ tí díìsì kú gan-an. Bí òmíràn bá kú lójú ọ̀nà, owó díìsì nìkan ló lọ.