Ta Ló Ń Bá a Gbé Ọmọ Lọ́hùn-ún?

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ bínú, kó kà á tán ná.

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn èèyàn láti Àrẹ̀mọ dé Bẹẹrẹ, ó tiẹ̀ ti gorí pẹpẹ láwọn ibì kan. Wọ́n ní obìnrin tó bá ti dé Ìlú Ọba, orí rẹ̀ ti yí nìyẹn. Wọ́n ní kò ní í gbọ́rọ̀ sí ọkọ lẹ́nu mọ́, pé owó pọ́n-ùn ti gùn ún, pé ìjọba ibẹ̀ ti fún un ní ọkọ míì, ọlọ́pàá sì lorúkọ ọkọ náà. Tí ilé kan bá ti mì lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá, wọ́n ti dájọ́ tán: ìyàwó ló jẹ̀bi. Àwa ò fara mọ́ ọn. Àwa la máa ń gbé ìpè àwọn ọmọ yìí láàárín òru, a mọ ohun tójú wọn ń rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ta ló rán ọmọ náà níṣẹ́? Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Ìlú Ọba ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó máa wá tọ́jú arúgbó àti aláìsàn, iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní "care". Kíá, ilé lóríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ tí wọ́n máa rán lọ. Wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n kó àjọ, wọ́n yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ fún ẹ́jẹ́ǹtì. Ìgbéyàwó ńkọ́? Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé, kọ́ọ̀tù ní Tọ́sìdé, kí orúkọ ọkọ lè wọ ìwé gẹ́gẹ́ bíi dípẹ́ńdáǹtì. Ìwádìí táwọn baba wa máa ń ṣe kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, ìdílé wo, ìwà wo, àìsàn wo, gbogbo ẹ̀ ti di ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé COS ẹ̀ ti jáde?" Ìyẹn ìwé tí ilé iṣẹ́ lọ́hùn-ún fi ń gbà á wọlé. Ẹ fi ìwé COS so tọkọtaya pọ̀, nígbà tó wá tú, ẹ ní atẹ́gùn London ló tú u. Ha!

Lẹ́yìn náà ni òfin yí padà, ibí yìí sì lọ̀rọ̀ dùn wá jù. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe másítáàsì ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tí iṣẹ́ ìwádìí gbé lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún kan náà, ó kan àwọn onítọ̀ọ́jú arúgbó: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, òun nìkan ni kó wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà pátápátá mọ́ ẹni tuntun tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Torí náà, àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé ojú ihò abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbà kọjá. Wọ́n fi ọmọ ọdún méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá ọkọ ní Àrẹ̀mọ, wọ́n fẹsẹ̀ méjèèjì wọ bàálù. Ìwọ ọkọ tó ń káàkiri tó ń sọ pé ìyàwó òun kọ̀ láti mú òun wá, ṣé ìyàwó ẹ ló ń ṣòfin fún Ìlú Ọba ni?

Ẹ tún gbọ́. Ìwé ìgbélùú ọmọ yìí, ọrùn ilé iṣẹ́ tó gbà á ló so mọ́. Tí ìjọba bá gba láísẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ yẹn, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un kó wá òmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa bọ̀ nílé. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú fìsà ẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ̀yin màmá tẹ́ ẹ ń pe ìyàwó ọmọ yín pé "ìjọba ń san owó ọmọ fún yín lọ́hùn-ún, kí lẹ ń fi ṣe?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Ọmọ onílùú ni wọ́n ń san án fún.

Àwọn tọ́kọ wọn bá wọn dé ibẹ̀ kí òfin tó yí ńkọ́? Bí obìnrin ṣe ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni ọkọ ń jáde lọ síṣẹ́ ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni gba ẹrù. Ṣé bí ọmọ ṣe ń dàgbà ní agbo ilé níbí nìyẹn? Ní Àrẹ̀mọ, ìyá ọkọ ló ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi omi gbígbóná na apá, na ẹsẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà máa gbà á mọ́ra. Tí ìyá ẹ̀ bá pẹ́ lọ́jà Ọjẹ, ọmọ á ti jẹ àmàlà ní yàrá ẹlòmíì, á ti sùn. Kò sẹ́ni tó máa kọ iye ọwọ́ tó gbà á sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ méjì péré ló kù, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ń tòògbé. Owó jẹ́lé-ó-sinmi ibẹ̀ lè gbé gbogbo owó oṣù ẹnì kan mì. Tí ọkọ bá wá fọ abọ́, tó pààrọ̀ páńpà ọmọ, àwọn èèyàn níbí á ní ìyàwó ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kóun lọ báwọn fọ̀ ọ́.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí 1955 lọ títí wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ òbí wa tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ló ń gbé ọmọ jòjòló fún àwọn òyìnbó tọ́, wọ́n á sanwó fún wọn. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó wá ẹni tó máa gba ọmọ. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára wọn. Ìdílé kan ní Tilbury ló tọ́ ọ, ó sì dàgbà dépò tó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi ìtàn náà ṣe fíìmù tó pè ní Farming ní 2018. Àwọn òbí yẹn kì í ṣe ìkà. Wọn ò rẹ́ni bá wọn gbọ́mọ ni.

Òdìkejì rẹ̀ wà nínú ìtàn ìlú wa yìí. Ní 1853, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ṣí kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá ọkọ ẹ̀ wá sí Ìbàdàn, wọ́n ń gbé ní Kúdẹtì. Anna Hinderer lorúkọ ẹ̀, ọmọ Jámánì lọkọ ẹ̀, David. Kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ kún. Olóyè Olúnlóyọ̀ fà ọmọ tiẹ̀ méjì lé e lọ́wọ́, Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn òbí míì náà sì gbé tiwọn wá. Àlejò òyìnbó ni o, Ìbàdàn sì fi èèyàn yí i ká. Ọmọ tiwa ṣí lọ sọ́dọ̀ wọn lónìí, owó la mọ̀ ọ́n béèrè.

A ò sọ pé áńgẹ́lì ni gbogbo wọn. A mọ àwọn tó hùwà tí ò dáa, a sì bá wọn wí lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ tó ń fi owó tí ìyàwó ń fi ránṣẹ́ gbé obìnrin míì wọlé, ta ló ń wàásù fún un? Ẹni tó ń lu ìyàwó, tí wọ́n wá gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́hùn-ún, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ló tú ilé yẹn ká kí ọlọ́pàá tó débẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ ń gba ẹ̀jẹ́ fìsà, tẹ́ ẹ ń gba ìdámẹ́wàá ní pọ́n-ùn, tẹ́ ẹ tún ń sọ fún ọmọ náà pé ìyá ọkọ ẹ̀ tó ń bá a tọ́mọ nílé ló ń dọdẹ ẹ̀, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Nínú òfin Mósè, Diutarónómì 24, ọkọ ìyàwó tuntun kì í lọ sógun; ilé ló ń jókòó fún odidi ọdún kan kó lè máa mú inú ìyàwó ẹ̀ dùn. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ka wíwà pọ̀ sí, àwa ń fi í gba fìsà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tí ìsìn bá parí, kí gbogbo ọkọ tí ìyàwó ẹ̀ wà lókè òkun dúró, àti gbogbo ìyá tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ fún wọn. A fẹ́ gbọ́ iye tó ń wọlé, iye tọ́mọ ń jẹ níbẹ̀ àti ilé ìwé tó ń lọ. Ẹ gba dátà sórí fóònù yín, ẹ sì mú àwọn ọmọ náà dání. Ibẹ̀ la ti máa pe àwọn ìyá wọn ní aago méjì ọ̀sán, àwọn tó ṣiṣẹ́ òru á ti sùn díẹ̀.