Kí Ẹ Tó Ra Róútà Kejì

Nígbà tí Wi-Fi kò bá dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohun tí ọ̀pọ̀ iléèwé àti ọ́fíìsì wa máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ra róútà mìíràn, kí wọ́n sì fi wáyà so ó mọ́ ti ìsàlẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé lóòótọ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà akọ̀wé nísàlẹ̀ kò ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lókè mọ́, wọn á wá máa fi fláàṣì gbé fáìlì gòkè sọ̀kalẹ̀. Ó dùn mí pé owó tí wọ́n ná gan-an ló dá ìṣòro yìí sílẹ̀.

Láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ni róútà máa ń dúró. Ó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ará ìta wọlé bá wọn. Ẹ ti fi róútà kejì sí i, akọ̀wé yín nísàlẹ̀ sì ti di ará ìta nìyẹn.

Access point ni òkè nílò. Òun kì í pín àdírẹ́sì. Ohun tí fóònù bá fi sáfẹ́fẹ́ ni yóò gbé sórí wáyà, yóò sì gbé ti orí wáyà sáfẹ́fẹ́. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní bridge: apá oníwáyà àti apá aláìníwáyà á di nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, bí ilé méjì nínú agbo ilé tí kò ní ògiri láàárín. MAC address, nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ti kọ mọ́ ọn lára, ni bridge ń wò; IP address, ìyẹn àdírẹ́sì tí róútà ń pín, ni róútà ń wò ní tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ róútà tí ẹ ti rà ló lè ṣe iṣẹ́ access point, tí ẹ bá yí i padà nínú ètò rẹ̀, tí ẹ sì pa DHCP rẹ̀, ìyẹn ètò tó fi ń pín àdírẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí orúkọ Wi-Fi, ìyẹn SSID, àti ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti ìsàlẹ̀ mu, kí fóònù lè bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, ẹ lo ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 tàbí 11, kí tòkè má sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tìsàlẹ̀. Kí wáyà má ju mítà 100 lọ.

Kí wáyà náà sì jẹ́ ẹyọ kan. Bí wáyà méjì bá so ẹ̀rọ méjì kan náà pọ̀, ìsọfúnni á máa yí po títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dákú. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Radia Perlman ti wá ojútùú sí èyí ní 1985, ètò tó ń jẹ́ spanning tree, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni kò ní in.