Yàrá iṣẹ́ bíi ti ayé Victoria: ẹ mú tábìlì, ẹ fi kọ́tìnì sílẹ̀



Àwòrán kan wọ́pọ̀ lórí fóònù báyìí: yàrá iṣẹ́ nínú ilé, tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bíi ti ayé Victoria. Igi tó pọ́n dúdú, kọ́tìnì wíwúwo tó ń wọ́ nílẹ̀, bébà olódòdó lára ògiri, àga aláwọ, agogo ńlá. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti ń rí owó díẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò bá wọn wí, torí ó lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó wúlò jù nínú àṣà náà kọ́ ni wọ́n ń mú.

Victoria jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1837 sí 1901. Ohun tí wọ́n kó sínú yàrá nígbà náà ní ìdí. Òtútù ló jẹ́ kí kọ́tìnì wúwo. Èédú ni wọ́n fi ń dáná, èéfín rẹ̀ sì ń ba ara ilé jẹ́. Àwọ̀ tó dúdú kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Àwọn ọkùnrin ń fi òróró pa irun, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ kékeré sẹ́yìn àga. Ẹ wo pálọ̀ àwọn ìyá wa: ṣé irú aṣọ yẹn kò sí níbẹ̀ dòní? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sì dára. Àwọ̀ ewé kan tó gbayì lára bébà ògiri wọn, májèlé arsenic ni wọ́n fi ṣe é.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ooru tiwa, kọ́tìnì wíwúwo á dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Bébà ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà òjò. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹ óò máa tàn látàárọ̀ dalẹ́, owó iná á sì dé lópin oṣù.

Kí ni ká wá mú? Tábìlì tó ní dúrọ́ọ̀ àti kọ́kọ́rọ́, àti àpótí ìwé tó ní ilẹ̀kùn. Ní 1874, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Wooton gba ìwé àṣẹ fún tábìlì ìkọ̀wé tó ní ọ̀pọ̀ ihò kéékèèké fún ìwé. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn a pa á dé, wọn a tì í. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ní ibùjókòó tirẹ̀. Mélòó nínú àwa olùkọ́ ló ń ṣàtúnṣe ìwé ìdánwò lórí tábìlì táwọn ọmọ ti ń jẹun? Ọbẹ̀ á kán sórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ, òmíràn á sọnù. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó lọ.

Ọ̀gànwó tó wà lọ́dọ̀ wa, ìbátan igi mahogany tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni. Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò yín. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá kùn bí igi gidi, wíwú ló máa ń wú tí omi bá kàn án.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ẹwà àtijọ́, kó kọ́kọ́ lọ wo ilé àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́. Láyé Victoria kan náà làwọn èèyàn wa ń ti Brazil padà bọ̀, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé ní Bahia ní 1835. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n kun ògiri láwọ̀ aláràbarà, wọ́n ṣe fèrèsé onígi tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ wọlé bí wọ́n tilẹ̀ tì í. Ẹwà wà níbẹ̀, ìtura náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ló ń wó lójú wa, nígbà tí a ń wá àwòrán ilé London kiri. Tí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ bá wà nínú yàrá iṣẹ́ yín, ẹ ti mú iṣẹ́ ọwọ́ kan dúró kó má bàa parun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín. Ire o.