Ẹ̀yin Tí Ẹ Kọ Gbèsè Sínú Kọ̀ǹpútà, Èbù Yín Dà?

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ìjọsí, mo yà kí ìyá kan tí ń ta aṣọ. Mo bá a tó fọwọ́ lẹ́rán. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o, ṣé kò sí?" Ó ní, "Ọmọ mi, ó wà o. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ mi rà fún mi ti kú. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ mí lówó wà. Ẹni tó jẹ mí ní ọgọ́rùn-ún ń sọ pé ogún ni, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ yà lọ́dọ̀ mi mọ́." Mo bi í pé, "Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́, Ìyá?" Ó wò mí lójú, ó ní, "Èwo ló ń jẹ́ ẹ̀dà?"

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró ná. Máàkì àwọn ọmọ kíláàsì yín, ibo ló wà?

Àgbẹ̀ gidi kì í jẹ iṣu rẹ̀ tán láìfi èbù sílẹ̀. Ẹ̀dà ni èbù ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní kọ̀ǹpútà àgbà tí a ń pè ní server, òun ní ń tọ́jú ìwé tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń wá kà. Wọ́n a sì fi ètò kan sí i tí ń ṣiṣẹ́ bí akọ̀wé tí kì í sùn. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, akọ̀wé yìí a da gbogbo ìwé kọ. Láti ọjọ́ kejì, kìkì ohun tó bá yí padà ni yóò máa kọ kún un, kí iṣẹ́ má baà pẹ́. Kì í sì í tètè da ti àná nù, tó fi jẹ́ pé bí ìwé bá bàjẹ́ lónìí, a lè mú un padà bí ó ti rí ní ìjẹta.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà lè wà, kí ó má sì gbani. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní NotPetya bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine. Inú ètò ìṣírò owó tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń lò ló gbà wọlé. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ará Dẹ́ńmáàkì tí ń kó ẹrù káàkiri ayé. Ilé-iṣẹ́ yìí ní server bí 150 tí ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ láti wọ inú kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń da ìwé kọ láti ọ̀dọ̀ èkejì. Èrò wọn ni pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á wà. Ta ló mọ̀ pé gbogbo wọn lè kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ẹyọ kan péré ló yè, ní Gánà. Kí ló gbà á là? Iná mànàmáná ló ti lọ kí àrùn tó dé! Wọ́n fẹ́ fi ìwé inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba lórí wáyà, ọ̀nà kò yá. Kò sì sí ẹni tó ní físà Ìlú Ọba nínú àwọn òṣìṣẹ́ Gánà. Ni ọ̀kan nínú wọn bá wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Nàìjíríà níhìn-ín, ó fi í lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ìyẹn sì gbé e dé Ìlú Ọba. Ibẹ̀ ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọjọ́ 10, wọ́n tún server 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 tò. Àdánù wọn tó mílíọ̀nù dọ́là 250 sí 300. Iná tó lọ, tí à bá bú, òun ló gba ọlọ́rọ̀ là.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyẹn: àwọn ẹ̀dà tó so kọ́ra wọn, ikú kan náà ní í pa wọ́n. Ẹ yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó má fara kan wáyà kankan.

Èkejì: ẹni tó kó iṣu àti èbù sínú àká kan ṣoṣo, bí iná bá jó o ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé tí OVHcloud kó server sí ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà tí ẹ̀dà wọn wà nínú ilé kan náà pàdánù méjèèjì. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń sọ pé kí ìwé jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní àdúgbò mìíràn.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù: ẹ dán ẹ̀dà yín wò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan ṣèèṣì nu ìwé server tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti fi mú un padà, kò sí ọ̀kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀dà tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de server. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ da ìwé yín kọ sórí flash, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, ẹ fún àbúrò yín tó ń gbé òpópó kejì. Lóṣooṣù, ẹ ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn: ṣé orúkọ onígbèsè ṣì wà níbẹ̀?

Ìyá aláṣọ ń fi orí rántí gbèsè báyìí, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Èyí tó rántí kò tó ìdajì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Mo ti sọ tèmi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.