Ẹgbẹ́ Ọmọ Súkúù Kì í Ṣe Eré Lásán

Bí ilé-ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án, ojú àwọn ìyá ọlọ́jà l'Ọ́wọ̀ a máa wà lọ́nà. Ta ni yóò jókòó ti igbá kí ìyá ráyè fi nǹkan sẹ́nu? Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà n'Ífọ́n, bákan náà lọ̀rọ̀ rí: baba ń retí ọmọ tí yóò bá a di pákó mú. Ọmọ ò dé. Ìgbà tó wá dé, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Wọ́n bi í, ó ní dìbéètì làwọn ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ ní Bọ́ìskáòtù làwọn ń kọ́. Kíá, ariwo ti sọ: "Ṣé owó dìbéètì ni mo san ni, àbí owó ìwé?"

Òbí tó bínú báyìí kò jẹ̀bi. Ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, oníbàárà tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí òbí tó fọwọ́ rọ́ ẹgbẹ́ ọmọ súkúù sẹ́yìn, ó yẹ kó mọ ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe nígbà tí nǹkan le, nígbà tí ogun gbòde. Ìgbà tí ara bá ni èèyàn ló ń mọ ẹni tó wúlò fún un.

Ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Ìbọn rẹ̀ kò dún nílẹ̀ Yorùbá, àmọ́ ogun náà wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ilé. Iyọ̀ wọ́n. L'Ékòó, ìjọba òyìnbó bá ọlọ́jà dá iye tí yóò tajà, títí Alimotu Pelewura àti àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbéná wojú wọn. Ilé-ìwé náà kò ríbi sá sí.

L'Ábẹ́òkúta lákòókò yìí, Rev. I. O. Ransome-Kuti ni ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School. Láti 1932 ló ti wà nípò náà. Ọkùnrin tí kì í fi ìbáwí ṣeré ni. Ẹni tó bá rí i tó ń bá ọmọ wí lè rò pé kò ní fẹ́ kí ọmọ la ẹnu rárá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o! Òun yìí kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, ìyẹn NUT, sílẹ̀ ní 1931. Ó mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ló bá ṣe baba ìsàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní Nigerian Union of Students.

Kí ni ọmọ ń kọ́ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ń kọ́ bí wọ́n ti ń dìde sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n. Ó ń kọ́ bí wọ́n ti ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe akọ̀wé yóò kọ ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe akápò yóò ka owó lójú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá dìbò tí kò wọlé, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì bá ẹni tó wọlé ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èésú, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ àti bíríkìlà, ẹ mọ̀ pé àgbàlagbà mìíràn wà tí kò tíì kọ́ èyí títí dòní.

Ní November 1943, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí pe ìpàdé sí Òjòkòrò, lẹ́bàá Agége. Àwọn àgbà olóṣèlú ni wọ́n ké sí, pé kí wọ́n yé bá ara wọn jà, kí wọ́n pawọ́ pọ̀ gba ìlú yìí lọ́wọ́ òyìnbó. Ọmọ ń pe àgbà sípàdé! Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Àwọn àgbà kò tètè dáhùn.

Ohun tó ta wọ́n jí ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ní 1944. Sójà ti gba ilé tí àwọn ọmọ King's College ń sùn, wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ síbi tí kò dára tó láàárín ìlú. Àwọn ọmọ fẹ̀hónú hàn. Àwọn tí ọlọ́pàá kó lé ní àádọ́rin. Ìjọba òyìnbó wá mú mẹ́jọ nínú wọn, ó fi tipátipá sọ wọ́n di sójà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ sílé-ìwé!

Gbogbo ìlú gbóná. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tún pe ìpàdé, lọ́tẹ̀ yìí àwọn àgbà kò le dákẹ́ mọ́. Ní 26 August 1944, ní Glover Memorial Hall l'Ékòó, wọ́n dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀. Herbert Macaulay di ààrẹ, Nnamdi Azikiwe di akọ̀wé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló pe ìpàdé tí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá yẹn ti jáde.

Ó ku àwọn ìyá. Aya Rev. Kuti, Funmilayo, kò káwọ́ gbera. Òun àti àwọn obìnrin tó kàwé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́òkúta Ladies' Club. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́jà dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ẹgbẹ́ náà ló gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú ìjọba, tí wọ́n fi ṣíwọ́. Ní 1946, ó di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ owó orí tí wọ́n bá ìjọba fà kò tán títí Aláké Ademola fi kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní January 1949. Bí ìyá ti ń kọ́ ẹgbẹ́ ṣíṣe, ni ọmọ ń kọ́ ọ.

Ẹni tó bá ní Abẹ́òkúta jìnnà, kó wo Ọ̀wọ̀. Ní 1943, nígbà tí ogun Hítílà ń gbóná, tíṣà ọmọ Ọ̀wọ̀ kan, Michael Adekunle Ajasin, wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró. Sójà ti gba ilé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pẹ̀lú, Mabang ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ajasin kàwé yanjú, ó dé London, ó padà wálé, ó sì di ọ̀gá Imade College l'Ọ́wọ̀ ní September 1947.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní London, tí Obafemi Awolowo wà lára wọn, ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ lọ́hùn-ún ní 1945. Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni Action Group ti yọ. Ibo ni wọ́n ti ṣí aṣọ lójú rẹ̀ fún gbogbo ayé? Ọ̀wọ̀ ni, ní 28 April 1951! Ajasin ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ náà, òun ló sì wà nídìí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́jà àti ọmọ àgbẹ̀ tí kì bá tí mọ A yàtọ̀ sí B ló jàǹfààní rẹ̀.

Ní January 1963, Ajasin dá Owo High School sílẹ̀, ó sì darí rẹ̀ títí di 1975. Ilé-ìwé náà kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ogun Biafra fi dé. Ní 9 August 1967, sójà Biafra wọ Mid-West, wọ́n gba Benin, wọ́n ń bọ̀ títí dé Ọrẹ̀. Ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ ló bá Mid-West pààlà. Ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Benin, Ìfọ́n ló gbà kọjá. Ní 20 September ni sójà ìjọba àpapọ̀ gba Benin padà, ṣùgbọ́n ogun kò tán títí di January 1970. Ọmọ tó wọ fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní ní 1967, ó ti parí fọ́ọ̀mù kẹta kí ogun tó tán. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ju ìwé nìkan lọ. Ó nílò ohun tí yóò máa fọwọ́ ṣe, kí ìbẹ̀rù má bàa gba ọkàn rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ọmọ ń wọ̀ ní súkúù, inú ogun ni gbòǹgbò wọn ti wá. Rẹ́ẹ̀dì Kúrọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Henry Dunant, ọmọ Switzerland, rí àwọn sójà tí wọ́n ṣèṣe tí kò sẹ́ni tó tọ́jú wọn ní Solferino, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 1859. Bọ́ìskáòtù ńkọ́? Ní Mafeking, ní South Africa, nígbà tí ọ̀tá ká ìlú náà mọ́ láti 1899 di 1900, àwọn ọmọkùnrin ló ń jẹ́ iṣẹ́ kiri kí àwọn àgbà ráyè dúró ti ìbọn. Baden-Powell tó ṣe olórí sójà níbẹ̀ kò gbàgbé wọn, òun ló sì dá Bọ́ìskáòtù sílẹ̀ ní 1907.

Ọ̀wọ̀ kò le gbàgbé ọjọ́ kan láéláé: 5 June 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis, tí wọ́n pa nǹkan bí ogójì èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ di ti ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí mọ́tò bá forí sọra lọ́nà Ìfọ́n, ọmọ tó mọ bí wọ́n ti ń di ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, ó lè gba ẹ̀mí là kí dókítà tó dé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́n ju ẹni tó ti múra sílẹ̀ lọ.

Òótọ́ kan wà tí kò yẹ ká fi bò. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń pè ní ẹgbẹ́ ló jẹ́ ẹgbẹ́. Èyí tó ń pàdé lóru, tí kò ní tíṣà, tó ń mú ọmọ búra pé kò gbọdọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, ẹ yáa fà á jáde kíákíá. Àwọn mìíràn sì wà tó kàn ń fi orúkọ ẹgbẹ́ bojú kí wọ́n lè rìn gbéregbère. Torí náà, kí òbí má ṣe gbà tán, kó má sì kọ̀ tán.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí ọmọ wọ ẹgbẹ́ kan, ó pọ̀ jù méjì. Kó yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ yòókù, kó wá bá ìyá ní ìsọ̀, kó wá bá baba ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ọwọ́ náà, ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ pàápàá lè yọjú sí súkúù lẹ́ẹ̀kan láàárín táàmù, kí ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ti ń di okùn tàbí gbá ìṣó. Tíṣà gidi yóò gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Bí ọmọ bá wá ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi í. Ta ni tíṣà tó ń mójú tó yín? Aago mélòó lẹ ń túká? Kí lẹ kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ọmọ tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ.